Ẹ Má Fi Ikú Inú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ Pamọ́ Fún Dókítà



Bí ẹnì kan bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tí kò sì jáde láàyè, a máa ń ní ayé ló ṣe é, a ó sì pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. A gbà pé ọwọ́ Ọlọ́hun ni ẹ̀mí wà, ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé irú ìpamọ́ yìí lè pa ẹlòmíràn nínú ẹbí kan náà.

Àìsàn àjogúnbá kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní malignant hyperthermia. Ẹni tí ó ní in lè máa jẹ, kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ara rẹ̀ le koko. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi gáàsì bíi halothane kùn ún lóorun, tàbí tí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ suxamethonium, iṣan rẹ̀ lè le gbandi, kí ọkàn rẹ̀ máa sáré, kí ara rẹ̀ sì gbóná bí iná. Iṣẹ́ agbára nínú oòrùn líle náà lè fa irú rẹ̀ fún àwọn mìíràn.

Ní ọdún 1960, Dókítà Denborough àti Lovell ní ìlú Melbourne, ní Ọsirélíà, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Oògùn oorun ni ó ń bà á lẹ́rù ju ẹsẹ̀ lọ, nítorí pé 10 nínú àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó ti bá a lọ. Ara rẹ̀ gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yè. Ẹnu rẹ̀ tí ó sọ ọ́ ni ayé fi mọ àìsàn náà.

Kí a tó so yìgì, a ń béèrè jẹ́nótáìpù, nítorí pé láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀: òbí kan péré tó. Nínú ọmọ méjì tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá bí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jogún rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní àìsàn náà kò wọ́pọ̀. Òótọ́ ni, ohun mìíràn ni ó sì ń fa ọ̀pọ̀ ikú inú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí í san kọ́bọ̀ lórí ìbéèrè. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí èyí sá fún iṣẹ́ abẹ: bí dókítà bá ti gbọ́, yóò lo oògùn mìíràn, tàbí abẹ́rẹ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Oògùn dantrolene náà wà, èyí tí wọ́n ti ń lò láti 1979. Kí ó tó dé, bíi 7 nínú 10 ni ó ń kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn UNIMED ni ẹ ń gbé ọmọ lọ tàbí òmíràn, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ní ìhà bàbá àti ti ìyá kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ gbọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A sì ń rọ ìjọba kí dantrolene wà nítòsí gbogbo yàrá iṣẹ́ abẹ.

Kí Ọlọ́hun bá wa dá ọmọ sí. Àmín.