Táyà Tó Gbó Ṣì Ní Iṣẹ́ Tó Lè Ṣe

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn àgbà kan ń pe táyà. Orúkọ náà bá a mu, nítorí òun ni ọkọ̀ fi ń rìn. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, táyà wà káàkiri. Àwọn zémíján ń lò ó, takisí ń lò ó, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé òwú àti iṣu ń lò ó. Ọ̀pọ̀ táyà tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé ni wọ́n ti lò rí ní Yúróòpù. Wọ́n ti gbó díẹ̀ kí wọ́n tó dé, nítorí náà wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó bàjẹ́.

Nígbà tí táyà bá gbó tán, níbo ni ó ń lọ? Òkìtì rẹ̀ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà. Àwọn kan ń ju tiwọn sí ẹ̀yìn ilé tàbí sí etí odò. Wọ́n ní, “Pàǹtí ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ́.

Pàǹtí ilé ìdáná máa ń jẹrà. Èèpo iṣu ń jẹrà, ewúrẹ́ sì lè jẹ ẹ́ kó tó jẹrà. Ewé ń jẹrà, ó ń di ilẹ̀ tó dára fún àgbàdo. Táyà kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Ikán kò jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ojú kòkòrò rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ọmọ tó rí táyà nínú koríko lónìí lè dàgbà, kó bí ọmọ, kí ọmọ rẹ̀ sì tún bá táyà náà níbẹ̀.

Òjò ló ń sọ ọ́ di ewu. Inú táyà jin bíi kòtò. Bí ènìyàn gbé e dúró, bí ó dá a dùbúlẹ̀, omi yóò ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Oòrùn kì í ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ sì dùn mọ́ ẹ̀fọn kan. Ẹ̀fọn náà dúdú, ó ní àmì funfun lára àti lẹ́sẹ̀, ọ̀sán ni ó sì máa ń jẹ ènìyàn. Ó ń yé ẹyin sí ara táyà níbi tí omi dé. Láàárín bí ọjọ́ 10, ẹyin ti di ìdin, ìdin sì ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Bí omi bá gbẹ ńkọ́? Ẹyin náà kì í tètè kú. Ó lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa dúró de òjò.

Ẹ̀fọn yìí kọ́ ló ń gbé ibà tí gbogbo ọmọ mọ̀. Ẹ̀fọn ti ibà yẹn fẹ́ràn omi tó dúró sórí ilẹ̀. Ti inú táyà ló ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti ibà tí wọ́n ń pè ní dengue. Ní ọdún 2019, dengue mú àwọn ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀, ó sì pa nínú wọn.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní kí wọ́n kúkú sun táyà. Ìyẹn tún burú jù. Rọ́bà, epo, imí ọjọ́ àti wáyà ló wà nínú táyà. Bí ó bá ń jó, èéfín rẹ̀ máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú á máa ta ènìyàn, àyà á máa há. Ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó ní ikọ́ fée ló ń jìyà rẹ̀ jù. Òróró dúdú tó ń kán sílẹ̀ sì lè wọ inú kànga.

Ti ẹran ló ń bani nínú jẹ́ jù. Níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní àwọn ìlú kan, iná táyà ni wọ́n fi ń wi irun ewúrẹ́ àti màlúù. Alápatà kì í ṣe ènìyàn búburú. Igi ìdáná wọ́n, táyà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín náà ń lẹ̀ mọ́ awọ ẹran, awọ yẹn ni àwọn ènìyàn sì ń jẹ. Igi tàbí gáàsì dára ju táyà lọ, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó ń ra ẹran ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fi wi í.

Kí ni kí wọ́n wá fi táyà ṣe? Ìkòkò alumíníọ̀mù tó fọ́ ṣe é yọ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á sì fi ṣe ìkòkò tuntun. Táyà kò ṣe é yọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n ti fi imí ọjọ́ se rọ́bà rẹ̀ títí tó fi le. Kí wọ́n gé e, tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́.

Gígé kò ṣòro fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bàtà táyà kì í tètè já ní oko. Rọ́bà inú táyà ni oníkẹ̀kẹ́ fi ń di ẹrù. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe garawa tí wọ́n fi ń fa omi kànga. Bó bá lu ògiri kànga, kì í fọ́. Ní ilé ìwé, wọ́n lè ri táyà mọ́lẹ̀ dé ìdajì kí àwọn ọmọ máa fò ó. Wọ́n lè gbin òdòdó sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ilẹ̀ kún inú rẹ̀, kí wọ́n sì lu ihò sí i. Táyà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa, tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ilé ẹ̀fọn tó lẹ́wà ni.

Lílọ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ ńlá. Ní Ìbàdàn, ní Nàìjíríà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ifedolapo Runsewe dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Òṣìṣẹ́ 4 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020. Kò pé ọdún 2 tí wọ́n fi ju 100 lọ. Wọ́n ń lọ táyà bíi gààrí dúdú, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ di bíríkì tí wọ́n ń tò sílẹ̀. Ọmọ tó bá ṣubú lórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò ní bó bọ̀rọ̀. Wọ́n tún ń san náírà 70 sí 100 nígbà náà fún táyà kan tí ènìyàn bá kó wá. Owó yẹn kéré, ṣùgbọ́n òun ni ọgbọ́n ibẹ̀. Ta ni yóò sun ohun tó lè tà?

Kétu kò ní láti dúró de ẹ̀rọ ńlá. Àwọn aláṣẹ ìlú lè fún àwọn tó ń lẹ táyà ní àyè kan tó ní òrùlé, kí òjò má baà wọ inú òkìtì wọn. Àwọn tó ń ṣe bàtà àti garawa á máa wá rà á níbẹ̀. Páànù mélòó kan tó fún un. Àwọn ọmọ náà lè wo ẹ̀yìn ilé lẹ́yìn òjò, kí wọ́n da omi inú táyà kẹ̀kẹ́ nù. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù wúwo. Àgbà ni kí wọ́n pè fún ìyẹn.