Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ògiri Tí Ó Bu

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ilé, a bẹ̀ yín, ẹ yẹ ògiri yín wò. Ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, òrùlé a máa jò, omi ilẹ̀ a sì máa gun ògiri títí yóò fi bu, tí yóò sì dúdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kùn ún lọ́dà, wọn a ní ó tán. Àwa wí pé kò tán.

Ní ìlú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá kan fi ẹjọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ sun onílé ní ọdún 2017. Wọ́n ní kí ó kùn ún lọ́dà. Ní oṣù Dìsémbà 2020, Awaab Ishak, ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 2, kú. Ní 2022, ilé ẹjọ́ tí ń wádìí ikú fi hàn pé bíbu ilé náà ni ó fa ikú rẹ̀.

Nínú ìwé Léfítíkù orí 14, àlùfáà kò bo ẹ̀tẹ̀ ilé mọ́lẹ̀. Ó ti ilé náà ní ọjọ́ 7. Bí àrùn náà bá ràn, wọn a yọ òkúta rẹ̀, wọn a ha ògiri, kí wọn tó tún un rẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ lónìí: yóò wá ibi tí omi ń gbà wọlé, yóò dí i, yóò bo imú rẹ̀, yóò ha èyí tí ó bu kúrò, yóò sì jẹ́ kí ògiri gbẹ kí ọ̀dà tó kàn án.

Nítorí náà, ẹ tún òrùlé ṣe, ẹ máa ṣí fèrèsé, ẹ má sì ṣe tẹ́ ọmọ tí ń wúkọ́ sí yàrá bẹ́ẹ̀. Omi ni ìyá bíbu. Bí a kò bá lé ìyá jáde, ọmọ rẹ̀ yóò padà wá.