Ẹ Jẹ́ Kí 3SC Gba Àgbà Agbábọ́ọ̀lù

Láti ìgbà tí Ahmed Musa ti padà sí Kano Pillars ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 32, ni àríyànjiyàn kan ti ń jà ràn-ìn láàrin àwa ọmọ Ìbàdàn. Ẹ dúró nídìí àwọn oníwèé ìròyìn ní Bẹẹrẹ, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, ẹ ó tún gbọ́ ọ. Ṣé ó yẹ kí Shooting Stars tiwa náà gba agbábọ́ọ̀lù tó ti dàgbà, tó ti gbá bọ́ọ̀lù káàkiri òkè òkun, tó wá ń wá ibi tí yóò ti fi bàtà kọ́? Àwọn kan ní Adámásingbà kì í ṣe ilé ìfẹ̀yìntì. Àwa ní kí wọ́n gbà á.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo. Ẹni tó bá gba Bẹyẹrunka kọjá nírọ̀lẹ́ yóò rí àwọn ọmọ tó fi òkúta ṣe òpó góòlù, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láàrin ọ̀kadà àti gọ́tà. Ipò ta ni àgbà yìí fẹ́ gbà bí kì í bá ṣe ti ọ̀kan nínú wọn? Owó ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ni ẹgbẹ́ yìí ń ná. Inú ta ni yóò dùn pé owó náà ń lọ sápò ẹni tó ń rìn gbẹ̀rẹ́ lórí pápá?

Ṣùgbọ́n ẹ wo 1976. Nígbà tí IICC Shooting Stars gba ife Áfíríkà wálé, tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gba irú rẹ̀ rí, Tonnerre ti Yaoundé ni a nà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà lọ́dọ̀ tiwa, Roger Milla wà lọ́dọ̀ tiwọn. Ọdún kan náà, 1952, ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ọdẹ́gbàmí fi bàtà kọ́ ní 1984, lẹ́ni ọdún 32, lẹ́yìn tí Zamalek nà wá ní àṣekágbá. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní Ítálì, ẹgbẹ́ rẹ̀ Milla gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin sáwọ̀n ní Ife Àgbáyé, lẹ́ni ọdún 38. Ó tún lọ ní 1994 lẹ́ni ọdún 42, ó sì tún jẹ góòlù. Kì í ṣe pé ó ń sáré bí ọmọdé o. Lẹ́yìn tí eré bá ti wọra, tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣọ́lé ti rẹ̀, ni wọ́n ń gbé e wọlé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló jèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí gan-an máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Nínú líìgì wa, àwọn kan wà tí wọ́n ti ń jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún láti bí ọdún mẹ́rin. Ẹni tí gbogbo ayé mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Èyí tó dùn wá jù ni ti Ràṣídì Yẹkínì. Ọ̀dọ̀ wa ló wà láti 1982 sí 1984. Òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní Áfíríkà ní 1993, òun náà ló gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ Nàìjíríà sáwọ̀n ní Ife Àgbáyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó padà wálé, Julius Berger l'Ékòó ló gbá bọ́ọ̀lù fún ní 2003. Ní 2005, nígbà tó ti lé lógójì ọdún, Gateway ti ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn yìí ló fi ṣe ilé! Àwọn ọ̀dọ́ atamátàsé wa ìgbà náà ì bá ti rí bí ọkùnrin yẹn ṣe ń dúró de bọ́ọ̀lù níwájú ilé, kí wọ́n kọ́ ọ. Ó kú ní oṣù karùn-ún 2012, ó gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ.

Lónìí, bí ọmọ kan bá ti mọ bọ́ọ̀lù gbá fún sáà kan ṣoṣo, wọ́n á ti mú un kọjá sókè òkun. Àwọn tó kù, ẹgbẹ́ ara wọn ni gbogbo wọn. Bí a bá wá fi góòlù kan ṣíwájú nílé onílé, tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ta ni yóò ní kí wọ́n fara balẹ̀? Nígbà tí Musa dé Kano, ó bá Rabiu Ali níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní 1980.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ rí i nígbà tí a gba CAF Cup ní 1992, ẹ bá wa sọ fún wọn. Ọdún kan péré ni kí wọ́n bá a ṣàdéhùn. Kí wọ́n má sọ ọ́ di balógun lọ́jọ́ tó dé, kí owó rẹ̀ má sì ju ti ẹni tó ń gbowó jù nínú àwọn tó bá níbẹ̀. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ní kó jókòó, kó jókòó. Kó máa lo ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Bí kò bá gba èyí, kó máa lọ. Bó bá gbà á, kí wọ́n kéde iye tí wọ́n fẹ́ máa san fún un kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ará Mápó náà gbọ́.