Òfin Ojú-Ọjọ́ Wà ní Àbújá, Èéfín Wà ní Adó

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Ìyípadà Ojú-Ọjọ́, lẹ́yìn tí ó ti ṣèlérí ní Glasgow pé nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sófuurufú kò ní ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ lè fà padà lọ. Ìlérí náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni òfin náà mú? Nínú àwọn aládàáni, iléeṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè ni ó pàṣẹ fún pé kí ó yan ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀ràn èéfín. Kí ẹnikẹ́ni rìn láti Ìjìgbò dé Àjílòsùn, kí ó ka ṣọ́ọ̀bù tí ó ní òṣìṣẹ́ 50. Aránṣọ kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì, wẹ́dà, onígbàjámọ̀, obìnrin tí ó ń lọ ata: àwọn ni ọrọ̀-ajé Adó, olúkúlùkù pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Òfin Àbújá kò mọ̀ pé wọ́n wà.

Òfin mìíràn ni ó kan Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu Òfin Iná Mànàmáná, èyí tí ó fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣàkóso ọjà iná fúnra rẹ̀. Èkìtì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àkóso náà lọ́wọ́ àjọ NERC ní ọdún 2024. Ìyìn yẹ ìjọba Gómìnà Abíọ́dún Oyèbánjí fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwáwí parí sí. Tẹ́lẹ̀, bí iná bá lọ, wọn a ní ọwọ́ Àbújá ni ó wà. Ní báyìí, kọ́kọ́rọ́ ti wà lápò Èkìtì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ta iná ní Èkìtì, kí a kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ rẹ̀ pé ìpín kan pàtó gbọ́dọ̀ ti ara oòrùn wá, kí ó sì kọ́kọ́ dé ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́-ọwọ́. Wọn yóò ní sólà wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní ọdún 2023, ta ni ó tún ń pe bẹntiróòlù ní ọ̀pọ̀? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni owó sólà ń bọ́, tí ti bẹntiróòlù ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Aránṣọ tí kò ní owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan kò lè yan èyí tí yóò dín ìnáwó rẹ̀ kù. Ibi tí ó yẹ kí ìjọba ti dúró fún un nìyẹn, kí ó lè máa san án bí ẹni ń dá èsúsú. (Àwọn tí ń ṣèpàdé lórí ojú-ọjọ́ pàápàá kì í pa jẹnẹrétọ̀ òtẹ́ẹ̀lì.)

Bí àjọ tí ń ṣàkóso iná Èkìtì bá tún gbé ìṣúná wá síwájú àwọn aṣòfin, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan péré: ṣọ́ọ̀bù mélòó ní Adó ni ó ti pa jẹnẹrétọ̀ tì láti ìgbà tí àkóso ti dé ọwọ́ yín?