Ẹnu Ni Ìtàn Akọni Òyìnbó Náà Ti Wá

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn, láti Mọ́kọ́lá títí dé Bódìjà: pé inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn akọni àti ìtàn ìfẹ́ gidi wà, pé tiwa kò ju àlọ́ tí ìyá àgbà fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń mú kí ọmọ wa máa tijú ohun tó yẹ kó fi yangàn.

Ẹ mú Beowulf, ìtàn akọni tí wọ́n sábà fi ń ṣí ẹ̀kọ́ lítírésọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akọni inú rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ilẹ̀ Denmark àti Sweden ni ìtàn náà dá lé. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó kéwì náà. Nínú rẹ̀ gan-an, akéwì mú háàpù, ó ń kọrin akọni àtijọ́ níwájú ọba àti àwọn ọmọ ogun tó ń mutí, iṣẹ́ tí oníjàlá ń ṣe lọ́jọ́ ọdún Ògún. Ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo, ti nǹkan bí ọdún 1000, ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún 1731, iná jó etí ìwé náà ní London. Ká ní iná ọ̀hún ràn díẹ̀ sí i ni, Beowulf ì bá ti parẹ́.

Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, ńkọ́? Àwọn arìnrìn-àjò ló kó sọ́nà Canterbury, tí wọ́n ń fi ìtàn díje, kí ẹni tí tirẹ̀ bá dùn jù lè jẹun ọ̀fẹ́. Kí là ń pè ní àlọ́ bí kì í bá ṣe èyí?

Ti ìfẹ́ wá ńkọ́? Ìtàn Lancelot, tó yófẹ̀ẹ́ aya ọba Arthur, inú ìwé Faransé ni òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, Malory, ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí Caxton òǹtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1485. Gẹ̀ẹ́sì yá a lò ni, ẹnikẹ́ni kò sì torí ìyẹn fojú kéré rẹ̀.

Ẹ wá wo eré Ọba Kò So tí Dúró Ládìípọ̀ gbé jáde lọ́dún 1963. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún aya rẹ̀ sì ṣe Ọya. Bàtá ń ró kíkankíkan, oríkì ń jáde lẹ́nu. Ọba tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù wá ku òun nìkan. Ọya tó bá a jáde nílùú náà padà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1964, wọ́n gbé eré náà dé Berlin. Ṣé èyí náà ni àlọ́ ọmọdé?

Ìjálá tí Adébóyè Babalọlá gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ ti wà nínú ìwé láti 1966. Kí olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Beowulf gbé ìwé náà ka orí tábìlì kan náà. Cultural Centre wà lórí òkè Mọ́kọ́lá. Kó kó wọn lọ wo eré níbẹ̀, kó sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lórí Beowulf àti tiwa.