Ọwọ́ Ta Ni Ó Wà Lórí Bọ́tìnnì?

Ẹni tí ó bá dé ibi básà ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè bá tábìlì kan pàdé tí àwọn ọmọdé ti ṣù bò. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ni ó ń yí po lórí rẹ̀, a sì to àwọn ibùdókọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irin, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣeré yóò san owó ẹyọ, yóò sì mú nọ́ńbà kan. Ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí nígbà tí a bá pa iná, ẹni tí ó mú ibẹ̀ ni ó gba ẹ̀bùn. Owó tí ó bá kù di ti àwọn aláìní.

Àwọn kan ń kùn pé tẹ́tẹ́ ni. Àwa kò ní bá wọn jiyàn lórí orúkọ. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2005 gba irú eré ẹlẹ́bùn bẹ́ẹ̀ láàyè, bí èrè rẹ̀ kò bá bọ́ sí àpò ẹnikẹ́ni, tí a sì sọ ohun tí a ó fi owó náà ṣe fún àwọn tí ń ṣeré.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ọwọ́ tí ó wà lórí bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí kì í sáré jìnnà lẹ́yìn tí iná bá kú. Nítorí náà, ẹni tí ń pa iná ni ó ń yan ẹni tí yóò jẹ. Ó lè má gbèrò ibi rárá. Síbẹ̀, bàbá tí ọmọ rẹ̀ pàdánù lẹ́ẹ̀mẹrin yóò bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú rẹ̀, kò sì ní padà wá ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ń ṣeré fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, kí ó sì kọ ẹ̀yìn sí tábìlì.

Àrékérekè mìíràn wà tí kò ní ọwọ́ ènìyàn nínú. Bí irin bá dọ̀tí níbì kan, iná kò ní kọjá dáadáa, ọkọ̀ yóò sì máa kú síbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ nu irin náà ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán. Fólìtì 12 péré ni ó máa ń tó ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n 230 ni ti ilé tí a ti fa iná wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òjò kan ẹ̀rọ tí ń dín in kù.

Kì í ṣe dandan kí ẹ̀bùn wà pàápàá. Ní Beaconsfield, Roland Callingham ṣí abúlé kékeré Bekonscot sílẹ̀ ní ọdún 1929, tòun ti rélùwéè rẹ̀. Ìwòran lásán ni àwọn ènìyàn ń sanwó fún, ọ̀pọ̀ owó sì ti ibẹ̀ lọ fún ìtọrẹ àánú.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá ń gbèrò irú eré yìí, ẹ kọ iye tí ó wọlé, iye tí ẹ fi ra ẹ̀bùn àti iye tí ó kù sórí pátákó, kí ẹ sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà kí èrò tó túká.