Ọmọ tí kò lè di bírò mú: ta ni yóò ràn án lọ́wọ́ nílé-ẹ̀kọ́?

Ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé kánkán la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Òmíràn kò tíì kọ ìlà kan tán tí olùkọ́ fi nu pátákó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di bírò mú dáadáa. Òmíràn ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ṣì ń bá a ṣe àlùwàlá. Ọpọlọ ọ̀pọ̀ nínú wọn pé, ara ni kò jẹ́ kí wọ́n bá ẹgbẹ́ mu.

Ní Nàìjíríà, ohun méjì wà lára ohun tó sábà máa ń fa irú àìlera yìí. Èkíní ni kí afẹ́fẹ́ má dé ọpọlọ ọmọ lásìkò ìrọbí. Èkejì ni kí ojú àti ara ọmọ jòjòló pọ́n, kí a má sì tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, kì í sì í ṣe ọmọ tí à ń fi pamọ́ sí yàrá.

Oríṣi òṣìṣẹ́ ìlera méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Oníṣègùn físíò ń mú kí ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti ọrùn lágbára, kí ọmọ lè jókòó gbọnin kó sì rìn dé ibi pátákó. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní occupational therapist, ń kọ́ ọmọ ní ohun tí à ń fi ọwọ́ ṣe lójoojúmọ́: dídi bírò mú, jíjẹun fúnra ẹni, dídé bọ́tìnnì, ṣíṣe àlùwàlá. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò rìn. Àmọ́ ọmọ tó lè dá jẹun, tó sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Kí wá ni òfin sọ? Òfin tó ka ìyànjẹ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbà wọ́n, kí òṣìṣẹ́ tó gba ẹ̀kọ́ nípa wọn wà níbẹ̀, kí irinṣẹ́ sì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbogbogbòò nìyẹn. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1975 dárúkọ ìtọ́jú méjèèjì yìí mọ́ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ pèsè fún ọmọ tó bá nílò rẹ̀ láti lè kẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn: níbẹ̀, olùtọ́jú ló ń wá bá ọmọ, níbí, òbí ló ń gbé ọmọ kiri.

Ẹ wo òbí tó ń dáko kòkó ní Aládé. Bó bá fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ńlá ní Àkúrẹ́, yóò san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, iṣẹ́ oko ọjọ́ náà yóò lọ, ọmọ náà yóò sì pàdánù ẹ̀kọ́. Ìtọ́jú yìí kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni. Kò yani lẹ́nu bí òbí bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó sì dáwọ́ dúró.

Àwọn kan yóò ní olùkọ́ gan-an kò tó, ibo ni a ti fẹ́ rí olùtọ́jú? Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ a kò ní kí ìjọba gba ẹnì kan sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan lè máa yí ká àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìdànrè, kó kọ́ olùkọ́ àti òbí ní eré ìdárayá tí wọn yóò máa bá ọmọ ṣe lójoojúmọ́, kó sì padà wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn físíò láti ọdún 1966. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ oríṣi méjèèjì. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ wa gan-an wà nílùú Oǹdó, kò jìnnà sí wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè wá, kí àwọn ọ̀gá wọn máa bojú tó wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé-kéwú wa náà. Afọ́jú ni Abdullahi ọmọ Ummu Maktum, síbẹ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi í ṣe apèrun, ó sì fi ìlú Mọdínà sí ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà tó rìnrìn àjò. Ẹ̀yin alùfáà, ẹ má lé ọmọ tí kò lè jókòó sórí ẹní. Ẹ bá a wá àga.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká ka iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àti àwọn tí kò tíì wá rárá. Ká kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i, ká sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ tí a kò kà, kò sí ẹni tí yóò ṣètò fún un.